Wíwò Ẹlẹ́ẹ̀kejì

Èmi ni mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi nu orúkọ ẹ̀gbọ́n mi kúrò lára pátákó. Mo fẹ́ kọ ìyẹn sílẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun nípa Èkó, torí mo mọ ara mi. Bí mo bá kọ́kọ́ ròyìn ìyà tó jẹ mí, ẹni tó ń kà á á ti káàánú mi tán kó tó dé ibi tí mo ti ṣẹ̀, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n káàánú mi. Kò sẹ́ni tó rán mi níṣẹ́ náà. Ṣọ́ọ̀kì funfun ni, ọwọ́ mi ló kọ ọ́, ọwọ́ mi náà ló nù ún.

Ráímì lorúkọ ẹ̀gbọ́n yìí. A kì í ṣe ọmọ ìyá, agboolé kan náà la ti jáde ní Kétu, ní ilẹ̀ tí wọ́n ti ń fi Faransé kọ́ni níléèwé. Káfíńtà ni. Òun ló kọ́kọ́ wá sí Èkó, òun ló sì ránṣẹ́ pé kí n máa bọ̀ nígbà tí bàbá mi kú tí mi ò lè ka ìwé mi lọ mọ́. Yàrá kan péré ni òun àti ìyàwó rẹ̀, Àǹtí Sàádátù, ní ní Àmùwò. Nítorí tèmi, wọ́n ta kọ́tìnnì sí àárín yàrá náà. Ọdún méjì ni mo fi sùn lẹ́yìn kọ́tìnnì yẹn.

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù ní Èkó kì í ṣe ariwo, kì í sì í ṣe èrò. Nọ́ńbà ni. Ní Kétu, bí o bá ń wá ẹnì kan, orúkọ baálé lo máa dá, ọmọdé tó ń ṣeré lójú ọ̀nà á sì mú ọ dé ẹnu ọ̀nà. Ní Fẹ́sítàkì, títì ní nọ́ńbà, kílóòsì, ọ̀nà kékeré tó ya láti inú títì, ní lẹ́tà, ilé inú kílóòsì tún ní nọ́ńbà tirẹ̀, gbogbo wọn sì jọra bí ẹni pé ọwọ́ kan náà ló mọ wọ́n. Ní ọ̀sẹ̀ tí mo dé, Bọ̀dá Ráímì rán mi lọ gbé ayùn tó gbàgbé sílé oníbàárà rẹ̀ kan. Mo kan ilẹ̀kùn mẹ́rin. Obìnrin tó ṣí ìkẹrin wò mí láti òkè délẹ̀.

"Nọ́ńbà mélòó lò ń wá?"

"Ilé bàbá kan ni, mà. Ó ga, ó sì dúdú."

"Àgànyìn, gbogbo ọkùnrin kílóòsì yìí ló ga, gbogbo wọn ló dúdú. Lọ béèrè nọ́ńbà wá."

Mo padà sílé láìgbé ayùn. Bọ̀dá Ráímì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi pẹ́ńsù káfíńtà kọ nọ́ńbà ilé náà sí apá mi, ó ní kí n má wẹ̀ kí n tó débẹ̀.

Orúkọ yẹn, Àgànyìn, tí wọ́n ń pe àwọn tó ti ẹ̀yìn ibodè wá, kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fẹ́ kí wọ́n pe òun lásìkò náà. Ìjọba ti ti ẹnu ibodè, wọ́n sì ti ń lé àwọn àlejò. Bọ̀dá Ráímì ló kọ́ mi lóhun tí mo máa sọ.

"Bí wọ́n bá bi ọ́ níbi tí o ti wá, Ìmẹ̀kọ ni. Ìmẹ̀kọ wà ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ ẹnu wa sì sún mọ́ tiwọn."

"Tí wọ́n bá wá bi mí ní agboolé ńkọ́?"

"Rẹ́rìn-ín, kí o bi wọ́n ní tiwọn."

Mi ò dé Ìmẹ̀kọ rí títí dòní. Ṣùgbọ́n mo ti sọ pé mo ti ibẹ̀ wá tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ń rí ìlú náà lójú oorun, pẹ̀lú ilé tí mi ò mọ ẹni tó ni ín àti kànga tí mo fi ọkàn mi gbẹ́. Ohun tí wọn kì í sọ fún ẹni tó ń lọ sí ìdálẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á sọ pé ebi á pa ọ́, wọ́n á sọ pé wọ́n á rẹ́ ọ jẹ. Wọn kì í sọ pé lọ́jọ́ kan, tí ẹnì kan bá béèrè ibi tí wọ́n ti bí ọ, ẹnu rẹ á kọ́kọ́ sọ irọ́ kí ọkàn rẹ tó rántí.

*

Kẹ̀kẹ́ kan ló fún mi níṣẹ́. Ọsibítù aládàáni kékeré kan wà nínú Fẹ́sítàkì, dókítà tó ni ín ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Jámánì dé. Ó gbé ẹ̀rọ kan bọ̀, tó tóbi tó àpótí aṣọ, tó ní ojú bíi ti tẹlifíṣọ̀n kékeré, tó sì ní wáyà kan tí nǹkan bí ọṣẹ so mọ́ ṣóńṣó rẹ̀. Wọ́n á fi jẹ́lì pa ikùn aláìsàn, wọ́n á fi ohun bí ọṣẹ yẹn rìn lórí rẹ̀, inú ènìyàn á sì hàn lójú ẹ̀rọ náà ní dúdú àti funfun. Àwọn aláìsàn ń pè é ní tẹlifíṣọ̀n inú. Àwọn aboyún ló fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ṣùgbọ́n dókítà sọ pé kì í ṣe torí aboyún nìkan lòun ṣe rà á. Ó ní tí wọ́n bá gbé ẹni tó fara pa wá, tí ikùn rẹ̀ ń dùn ún, kò yẹ kí wọ́n máa gbé e kiri. Ẹ̀rọ ló yẹ kó lọ bá a lórí bẹ́ẹ̀dì.

Táyà tí wọ́n fi gbé ẹ̀rọ náà wá kò bá ilẹ̀ ọsibítù mu, ó ń mì ín jù. Bọ̀dá Ráímì ni wọ́n pè kó kan kẹ̀kẹ́ onígi fún un. Ó kàn án tán, ó fi rọ́bà inú táyà bo ojú rẹ̀, ó tì í lọ tì í bọ̀ níwájú dókítà, ife omi tó gbé lé e lórí kò dà. Dókítà béèrè ẹni tí á máa tì í.

"Mo ní àbúrò kan," ni Bọ̀dá Ráímì wí. "Ó lágbára, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ó sì mọ aago wò."

Bí mo ṣe di ará ọsibítù nìyẹn. Iṣẹ́ mi ni kí n gbá ilẹ̀, kí n nu jẹ́lì kúrò lára ènìyàn, kí n ki wáyà ẹ̀rọ bọnú sitabiláísà kí iná má bàa jó o, kí n tan jẹnẹrétọ̀ tí iná bá lọ. Èyí tó ṣe pàtàkì jù níbẹ̀ ni pátákó. Pátákó dúdú kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn tíátà, yàrá iṣẹ́ abẹ. Tí dókítà bá ti fi ẹ̀rọ wo ẹni tó fara pa, èmi ni mo máa kọ orúkọ onítọ̀hún sí i àti aago tí wọ́n máa tún un wò. Àǹtí Sàádátù gbọ́ pé mò ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ̀wé ní ọsibítù, láti ọjọ́ náà ló ti ń pè mí ní Akọ̀wé.

Mo bi dókítà lọ́jọ́ kan ìdí tí wọ́n fi ń wo ènìyàn lẹ́ẹ̀mejì. Kò bú mi. Ó fi ìka kan ẹ̀rọ omi tó wà lára ògiri, èyí tí kì í tì dáadáa, tó máa ń kán sínú báàsìn.

"Wo ìsàlẹ̀ báàsìn yẹn. Ṣé omi wà ńbẹ̀?"

"Kò tíì sí, sà."

"Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀. Ó lè máa kán nínú ikùn láìyára. Tí mo bá wò ó báyìí, mi ò ní rí i. Wíwò àkọ́kọ́ kò sọ pé kò sí nǹkan kan. Ohun tó sọ ni pé kò tíì sí."

Kò pẹ́ sí ìgbà náà ni wọ́n gbé awakọ̀ tírélà kan wá tí sítíárìn ọkọ̀ rẹ̀ gbá níkùn. Wíwò àkọ́kọ́, mímọ́ ni. Awakọ̀ náà ní òun ń lọ. Dókítà ní kò sí ibi tó ń lọ, ó ní ṣé èjìká òsì kò dùn ún. Ó ya ọkùnrin náà lẹ́nu, ó ní ó ń dun òun, òun ò sì fi èjìká gbá nǹkan kan. Lẹ́yìn ìdajì wákàtí, mo ti ẹ̀rọ padà wá. Ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti wà láàárín ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, níbi tí funfun nìkan wà tẹ́lẹ̀. Dókítà fi ìka hàn mí, ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ nìyẹn. Òun ló ń mú kí èjìká dùn ún. Tẹ́lẹ̀, abẹ́rẹ́ ni à bá fi gún un níkùn ká tó mọ̀." Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún un. Nígbà tó ń lọ sílé, ó gbé ìdì ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan fún mi, èmi tí mi ò ṣe nǹkan kan ju pé mo ti kẹ̀kẹ́. Mo gbé ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà gba ojú títì Fẹ́sítàkì délé, mo sì ń kí gbogbo ẹni tí mo bá pàdé. Lọ́jọ́ yẹn nìkan, Èkó jọ ibi tí ènìyàn lè gbé.

Mo sọ ọ̀rọ̀ awakọ̀ yìí kí ẹni tó ń kà á lè mọ̀ pé kì í ṣe pé mi ò mọ̀. Mo mọ̀.

*

Láti bá ìyá mi sọ̀rọ̀, mo ní láti rán àwọn tó ń gba inú igbó lọ sí Kétu pé ní ọjọ́ ọjà báyìí, kó lọ dúró sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ibẹ̀ ni tẹlifóònù wà. Èmi náà á lọ tò ní ọ́fíìsì tẹlifóònù láti àárọ̀. Nígbà míì, ọjọ́ yóò lọ tán, ìlà ò ní wọlé. Tó bá wọlé, ìyá mi á máa pariwo bí ẹni pé ẹ̀yìn odò ni mo wà.

"Kí ni iṣẹ́ rẹ gan-an?"

"Mò ń ti ẹ̀rọ kan tó ń wo inú ènìyàn."

"Inú ènìyàn? Ṣé ó ń rí ohun tí wọ́n ń rò ni?"

"Rárá, màámi. Ẹ̀jẹ̀ ló ń rí."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Kó má rí jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Lẹ́yìn rẹ̀, mo máa ń gbọ́ ohùn ìyá Bọ̀dá Ráímì, arúgbó, tó ń sọ pé kí wọ́n bá òun bi mí bóyá ọmọ òun ń sùn dáadáa. Mo máa ń sọ pé ó ń sùn dáadáa. Òótọ́ ni, torí gbogbo òru ni mò ń gbọ́ bó ṣe ń hanrun.

*

Oṣù ààwẹ̀ ni. Wọ́n ń to ìsọ̀ ìpàtẹ ní Tiréèdì Fíà, Bọ̀dá Ráímì sì wà lára àwọn káfíńtà tí wọ́n gbà. Ó ń gbààwẹ̀, èmi náà ń gbà á. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, orí àkàbà ni ó wà nígbà tí àkàbà yọ̀. Ó fi ìhà òsì gbá etí tábìlì iṣẹ́. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kò gbà kí wọ́n gbé òun. Ó rìn wọ ọsibítù fúnra rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ gbá ekuru kúrò lára ṣòkòtò.

Aago márùn-ún kọjá díẹ̀ nígbà náà. Mo ti kẹ̀kẹ́ tó kàn fúnra rẹ̀ lọ bá a. Dókítà wò ó níbi mẹ́rin: abẹ́ ìhà ọ̀tún, abẹ́ ìhà òsì, ìsàlẹ̀ ikùn, àti abẹ́ igi àyà. Gbogbo rẹ̀ mọ́. Lákòókò yẹn ni Mátírọ̀nù, ọ̀gá àwọn nọ́ọ̀sì, sáré wọlé pé ọmọ ti há mọ́ aboyún kan tó wà ní ìrọbí. Dókítà ń wọ ìbọ̀wọ́ bó ti ń lọ.

"Kọ ọ́ sí pátákó, aago mẹ́fà. Tó bá lù, tí mo bá ṣì wà ní tíátà, kan ilẹ̀kùn. Kò gbọdọ̀ dìde, kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sẹ́nu."

"Ààwẹ̀ ló ń gbà, sà."

"Ó dáa náà. Jẹ́ kó máa gbà á lọ."

Mo kọ ọ́: Ráímì, aago mẹ́fà. Mo padà lọ jókòó tì í. Ó ń wo àjà ilé.

"Kí ni tẹlifíṣọ̀n yín sọ?"

Ìgbà yìí gan-an ni mo ti ṣi ẹnu mi lò. Inú mi dùn pé mo mọ̀ ọ́n sọ. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ méjì ṣì dúró sí ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ń fetí sílẹ̀, mo wọ aṣọ funfun, mo sì fẹ́ kí wọ́n rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ní ènìyàn níbí.

"Kò rí nǹkan kan, ẹ̀gbọ́n. Inú yín mọ́."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, wọ́n lọ. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú bí ogún, ó ní èjìká òsì ń dun òun.

"Pákó tí ẹ ń gbé láti àárọ̀ ni," ni mo wí.

Ó ń yán. Ètè rẹ̀ gbẹ. Mo fọwọ́ kàn án níwájú orí, òógùn rẹ̀ tutù. Mátírọ̀nù jáde wá mú aṣọ, ó rí i, ó dúró.

"Kí ló dé tí ọkùnrin yìí ń làágùn báyìí?"

"Ààwẹ̀ ni, mà," mo dá a lóhùn.

Ó wo ojú aago, ó mi orí, ó padà sí tíátà. Gbogbo wa la mọ bí ẹni tó ń gbààwẹ̀ ṣe ń rí ní ìrọ̀lẹ́: ẹnu rẹ̀ á gbẹ, ara rẹ̀ á rọ̀, kò ní fẹ́ sọ̀rọ̀. Èmi náà ń rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń ṣe mí ni mo fi wọn ohun tó ń ṣe é.

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago mẹ́fà lù, ó dìde jókòó.

"Mò ń lọ sílé lọ ṣínu."

"Ẹ̀gbọ́n, ó ku ìgbà kan tí wọ́n máa wò yín."

"Kí ni wọ́n tún ń wá? Ìwọ náà sọ pé kò sí nǹkan kan."

"Dókítà ló ní kí ẹ dúró."

"Dókítà ń gbẹ̀bí. Wo àbúrò yìí. Èmi ni mo kan kẹ̀kẹ́, ìwọ wá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ dè mí mọ́lẹ̀. Gbé bùbá mi fún mi."

Ó rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́. Mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ẹni tó mú mi wá sí Èkó, tó ta kọ́tìnnì sí àárín yàrá ìgbéyàwó rẹ̀ nítorí mi, pé kó padà dùbúlẹ̀. Mo lè kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́. Mo lè di ilẹ̀kùn mú. Mo lè lọ kan ilẹ̀kùn tíátà, ìṣísẹ̀ mẹ́jọ péré ni. Ohun tí mo ṣe ni pé mo gbé bùbá náà fún un, mo tún bá a na apá òsì wọ̀ ọ́ torí èjìká tó ń dùn ún. Mo sìn ín dé géètì, ó gun alùpùpù ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan lọ.

Mo padà wọlé, mo rí orúkọ rẹ̀ lára pátákó. Dókítà kì í fẹ́ kí orúkọ ẹnikẹ́ni dúró síbẹ̀ kọjá aago tí wọ́n kọ sí i. Ó ti sọ fún mi rí pé orúkọ tó bá kọjá aago rẹ̀, ẹ̀bi mi ni. Aago mẹ́fà lù. Mo nawọ́, mo nù ún.

*

Aago méje ti kọjá, wọ́n ti pe ìrun alẹ́ àkọ́kọ́, mo ti mu omi, nígbà tí dókítà jáde. Ọmọ náà yè, ìyá náà yè. Ó ń fọ ọwọ́, ó wo pátákó, ó tún un wò.

"Káfíńtà ńkọ́?"

"Ó ti lọ sílé, sà. Mo ní kó dúró, kò gbọ́."

Àbọ̀ òótọ́ ni. Ó wo aago. Kò pariwo mọ́ mi, ìbá sàn kó pariwo.

"Bá dẹ́rẹ́bà lọ. Ẹ gbé e, ẹ má jẹ́ kó rìn."

Nígbà tí a dé Àmùwò, Bọ̀dá Ráímì jókòó sórí ẹní, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Abọ́ àkàrà àti igbá ẹ̀kọ mímu wà níwájú rẹ̀, ó ti jẹ, ó ti mu. Àǹtí Sàádátù ń da aṣọ bò ó.

"Akọ̀wé, ẹ wo ẹ̀gbọ́n yín. Ó ní òtútù ń mú òun. Mo ní kó jẹun sí i kí ara rẹ̀ lè gbóná, ó ní ó tó."

"Ààwẹ̀ ọdún yìí ló le," ni Bọ̀dá Ráímì wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

A fi ẹní gbé e. Nínú mọ́tò, orí rẹ̀ wà lórí itan mi. Ó béèrè bóyá ẹ̀rọ náà ò ní bínú pé òun sá. Mo ní kò ní bínú.

Mo ti kẹ̀kẹ́ dé ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, dókítà gbé ọwọ́ lé e. Kò sí ẹni tó nílò láti fi ìka hàn mí. Dúdú wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀, dúdú wà lábẹ́ ìhà òsì, dúdú kún ìsàlẹ̀ ikùn. Ó ń mì díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń mí. Mo rò pé bí omi ṣe máa ń rí nìyẹn nínú kànga tí ènìyàn bá bẹ̀ ẹ́ wò.

Bí wọ́n ṣe ń gbé e lọ sí tíátà ló bì. Ẹ̀kọ àti àkàrà ni. Mátírọ̀nù sọ ọ́ síta ní kọ́rídọ̀, bí wọ́n ṣe ń sọ nǹkan níbi iṣẹ́: "Ikùn rẹ̀ kún, sà. Ó ti jẹun. A ò lè kùn ún lóorun báyìí, a ní láti kọ́kọ́ fa oúnjẹ yẹn jáde."

"Ta ló fún un lóúnjẹ?" ni dókítà béèrè.

Kò dojú ọ̀rọ̀ náà kọ ẹnikẹ́ni. Àǹtí Sàádátù, tó dúró ti ògiri tòun ti gèlè rẹ̀ lọ́wọ́, gbé ojú sókè.

"Èmi ni, sà. Mi ò mọ̀."

Mo wà láàárín wọn. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó yẹ kí n sọ wà lẹ́nu mi. Mo tẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, mo tì í kọjá.

Ẹ̀jẹ̀ tèmi bá tirẹ̀ mu, wọ́n fa ìgò kan lára mi. Àwọn káfíńtà méjì tó wá, tiwọn kò bá a mu. Dókítà rí ibi tó ti ya, ó ní ọlọ inú ni, lábẹ́ ìhà òsì, ó sì dè é. Ṣùgbọ́n ohun tó kù nínú iṣan Bọ̀dá Ráímì kò tó mọ́. Nígbà tí Mátírọ̀nù jáde wá, kò tíì bọ́ nǹkan tó fi bo ẹnu, mo sì mọ̀.

*

Wọ́n sin ín ní ọjọ́ kejì, ní ibi ìsìnkú Mùsùlùmí kan níbí. Ẹnu ibodè tì, a ò lè gba inú igbó gbé òkú. Ẹni tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ béèrè ìlú rẹ̀. Mo ní Ìmẹ̀kọ. Ibi ìsìnkú yẹn ló sùn sí, lábẹ́ orúkọ ìlú tí kì í ṣe tirẹ̀, tí kò sì sí ará Ìmẹ̀kọ kan tó máa bẹ ojú oórì rẹ̀ wò. Lẹ́yìn náà ni mo máa ń rò ó pé bóyá ohun tí ìdálẹ̀ ń ṣe fún ènìyàn nìyẹn: kì í pa ọ́ nìkan, ó tún máa ń sọ ọ́ nù.

Ní ọjọ́ ọjà, mo tò ní ọ́fíìsì tẹlifóònù. Ìyá Bọ̀dá Ráímì ló gbé e fúnra rẹ̀.

"Ṣé ọmọ mi ń sùn dáadáa?"

Wọn ò tíì sọ fún un. Wọ́n ní èmi ni kí n sọ ọ́. Mo sọ ọ́. Kò sunkún sí mi létí. Ó ní, "Ẹ̀rọ yẹn, tó ń wo inú, ṣé o fi wò ó?" Mo ní mo fi wò ó. Ó ní, "O ṣé, ọmọ mi. O ti ṣe tìrẹ." Ìlà já.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo bi dókítà bóyá oúnjẹ ló pa á. Ó ń kọ̀wé, kò gbójú sókè.

"Rárá. Oúnjẹ gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ́wọ́ wa. Ká ní a rí i ní aago mẹ́fà ni." Ó pa ìwé náà dé. "Èmi náà, kò yẹ kí n fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń pè é ní ẹ̀gbọ́n."

Ọ̀rọ̀ tó sọ nìyẹn. Kò lé mi. Mo ti kẹ̀kẹ́ náà fún ọdún kan sí i. Nígbà tí rọ́bà ojú rẹ̀ ya, káfíńtà míì ló pààrọ̀ rẹ̀, kò sì dán bíi ti tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rọ bàjẹ́, a ò rí ohun èlò rẹ̀ rà ní Èkó, wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í fi abẹ́rẹ́ gún ikùn. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀. Mò ń gbé ẹrù báyìí, Àmùwò ni mo ṣì wà, kò sì sí ẹnikẹ́ni lẹ́yìn kọ́tìnnì.

Àǹtí Sàádátù padà sí Kétu nígbà tí wọ́n ṣí ẹnu ibodè. Kó tó lọ, ó kó aṣọ Bọ̀dá Ráímì fún mi, ó ní èmi ni àbúrò. Mo gbà á. Àwọn tó ń ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ bọ̀ sọ fún mi pé bí oṣù ààwẹ̀ bá ti wọlé, kì í fi ọwọ́ kan ìkòkò. Ọmọbìnrin kan nínú agboolé ló ń dáná ìṣínu. Wọ́n ní ó ń gbààwẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti parí, oṣù kan sí i, lọ́dọọdún, wọn ò sì mọ ohun tó ń san.

Mo bá a sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan lórí tẹlifóònù. Ó béèrè iṣẹ́, ó béèrè ara.

"Akọ̀wé, ẹ̀yin wà níbẹ̀. Ṣé oúnjẹ mi ni?"

"Ẹ má rò ó mọ́, Àǹtí," ni mo wí. "Ó ti pẹ́."

Ó ní ó dáa. Ó ní òun ò ní rò ó mọ́. Mo gbọ́ bó ṣe fa èémí sínú.

Gbólóhùn kan ni mo jẹ obìnrin yìí, pé kì í ṣe àkàrà rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀kọ rẹ̀, èmi ni. Mo ti gbé gbólóhùn náà lọ sí ọ́fíìsì tẹlifóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, mo sì gbé e padà wálé. Mo ti kọ ọ́ síbí báyìí. Àmọ́ Àǹtí Sàádátù ò mọ̀wé kà.